Ìdí Tí Oríkèé Àgbà Fi Ń Gan, Tí Ó Sì Ń Dùn

  

Orí ẹní ni iṣẹ́ wa wà. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ Ifá, ibẹ̀ ni a ti ń dá a. Nígbà tó bá yá, àgbà awo tó jókòó láti òwúrọ̀ yóò fẹ́ dìde, orúnkún yóò kọ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní aráyé ló ta á lọ́fà, wọ́n ní ìyá àgbà ilé ló so ó lẹ́sẹ̀. Níbí ni a ti fẹ́ bá ara wa sọ òótọ́.

Níbi tí egungun méjì ti pàdé, ohun funfun kan tó ń dán, tó sì ń yọ̀, ló bo orí wọn, irú èyí tí a ń rí lórí egungun itan adìẹ. Omi tó ń fà bí funfun ẹyin wà láàárín wọn. Ohun funfun yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Inú omi náà ló ti ń jẹun. Bí a bá ń rìn, tí a ń ká ẹsẹ̀, tí a ń nà án, ni oúnjẹ ń wọ inú rẹ̀. Oríkèé tí a kò lò, ebi ni a fi ń pa á.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun funfun náà ń fẹ́lẹ́, ara kò sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bó ti yẹ. Etí egungun yóò máa hu ṣónṣó, iṣan tó so egungun pọ̀ yóò le, ẹran itan yóò máa joro. Ìdí nìyí tí oríkèé fi ń gan lówùúrọ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́: ìdílé, ìfarapa àtijọ́, ẹrù wúwo àti ara sísan wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 ènìyàn ló ní irú arọmọléegun yìí káàkiri ayé. Nǹkan bí 60 nínú 100 wọn jẹ́ obìnrin. Ìyá àgbà wo ló lè ta gbogbo wọn lọ́fà? Ìyá tí à ń fura sí gan-an, orúnkún ń dun òun náà.

Kí ni ṣíṣe? Lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, àwa ni a ń fi òrí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra orúnkún àwọn olúwo wa. Ó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tó ti jẹ padà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tan aláìsàn. Ìrìn ojoojúmọ́ àti dídìde-jíjókòó lórí àga ní ń mú ẹran itan le. Ẹni tó sanra tó bá dín kìlógíráàmù 1 kù, nǹkan bíi kìlógíráàmù 4 ló kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn jókòó sórí àpótí, kí ó tẹríba dípò ìdọ̀bálẹ̀. Ọkàn ni ìbà ti ń wá.

Ẹ̀yin oníṣègùn inú wa, ẹ má ṣe po oògùn òyìnbó mọ́ àgúnmu. Oògùn ìrora tí a ń lò lójoojúmọ́ láìsí ìmọ̀ràn dókítà lè dá egbò sí ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí oríkèé bá wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ń gan ju wákàtí kan lọ láràárọ̀, àìsàn mìíràn ni. Ìtọ́jú kíákíá ló ń gba oríkèé là.

Ẹ jẹ́ kí a di àgbà lápá mú kó dìde, kí a má wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Kí Ẹlẹ́rìí Ìpín má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kọ̀ wá.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.