Àpótí Ọparun ní Jobra

Ọ̀rọ̀ àpótí ni mo gbé wá lónìí, àpótí ìjókòó lásán tí a fi ọparun hun.

Ní 1976, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus, tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong ní Bangladesh, rìn wọ abúlé Jobra tó wà nítòsí ibẹ̀, ó sì bá obìnrin kan tó lóṣòó níwájú ahéré rẹ̀, tí ń hun àpótí, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Èló ni ọparun? Taka 5. Ṣé owó tirẹ̀ ni? Rárá o, alágbàtà ló yá a, lórí àdéhùn pé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òun náà ni yóò ra àpótí, iye tó bá sì wù ú ni yóò san. Kí wá ni èrè obìnrin yìí, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ààbọ̀ taka! Ààbọ̀ taka péré, ẹ̀yin ènìyàn mi, tí kò ju sẹ́ǹtì 2 owó Amẹ́ríkà lọ.

Ta ni yóò wá pe ẹni yìí ní ọ̀lẹ? Àwọn baba wa tó jẹ gbèsè sógundogójì, tí wọ́n fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, mọ irú páńpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èésú pẹ̀lú, èésú tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé dé Trinidad, tí wọ́n ń dá níbẹ̀ di òní olónìí. Ẹ jẹ́ ká padà sí Jobra.

Yunus ní kí a ka àwọn tó wà nínú gbèsè bẹ́ẹ̀: ènìyàn 42, àpapọ̀ gbèsè wọn taka 856, kò pé dọ́là 27. Ó san án láti inú àpò rẹ̀. Ó tọ báńkì lọ pé kí ó máa yá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lówó, báńkì ní wọn kò ní ohun ìdógò. Òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí. Yunus fúnra rẹ̀ ló ṣe onídùúró wọn.

N kò sọ pé ẹ̀yáwó ń wo gbogbo àrùn sàn. Ní Andhra Pradesh ní Íńdíà ní 2010, àwọn ayánilówó tí èrè wọ̀ lójú fún àwọn onígbèsè lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi pa ara wọn. Ṣùgbọ́n ti Jobra di báńkì Grameen ní 1983, nígbà tí a sì pín ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ọdún 2006 fún báńkì náà àti Yunus, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń yáwó níbẹ̀ ló gba ti báńkì ní Oslo.