Kí Ló Dé Tí Adìyẹ Kì Í Yé Nígbà Òtútù?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé wa sọ ní Piacenza

 

Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá láti oṣù kọkànlá ni pé: "Adìyẹ mi ń jẹ, ó ń mu, kí ló dé tí kò yé mọ́?" Àwọn kan ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ ná. Bí ara adìyẹ bá le, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Òtútù gan-an kọ́ ló sábà ń fà á. Ìmọ́lẹ̀ ni.

Nílé, ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkútà, ojúmọ́ máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 12 yípo ọdún. Níbí, ojúmọ́ oṣù kẹfà ju wákàtí 15 lọ, ṣùgbọ́n ti ìparí oṣù kejìlá kò tó 9, kùrukùru odò Po á tún wá bo ìwọ̀nba tó kù. Bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú, ara adìyẹ á dá ẹyin dúró, á fi okun rẹ̀ hu ìyẹ́ tuntun. Kó tó lè máa yé dáadáa, ó ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 14.

Gílóòbù LED kékeré kan ti tó. Ẹ fi taimá sí i kó máa tàn láti nǹkan bí agogo 3 òru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdájí ni o, kì í ṣe alẹ́: bí iná bá ṣàdéédé kú lálẹ́, òkùnkùn á ká wọn mọ́lẹ̀, wọn ò ní rí ibi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un. Gílóòbù pupa tó ń gbóná ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Koríko gbígbẹ ló wà nínú ilé adìyẹ, ilé onílé la sì ń gbé.

Ẹ má dí gbogbo ihò pa. Adìyẹ ti wọ kóòtù tirẹ̀. Ọ̀rinrin àti òórùn ìgbẹ́ ń ṣe é léṣe ju òtútù lọ. Omi tó di yìnyín kò ṣeé mu, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àgbàdo nìkan ò sì tó: ẹ béèrè mangime per ovaiole ní consorzio agrario. Àjẹkù ilé ìdáná wa, òfin Yúróòpù kò gbà kí a fún wọn.

Adìyẹ kan ṣoṣo pàápàá, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ti Ausl. Ní 1999 sí 2000, adìyẹ àti tòlótòló tó lé ní mílíọ̀nù 13 ló ṣòfò sí àrùn aviaria ní apá àríwá Ítálì yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ mọ ibi tí ẹyẹ ọ̀sìn wà.

Ẹni tó ní mẹ́ta péré, témi bá ni, kó jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bí ojúmọ́ bá ti ń gùn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹyin náà bá jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ, ẹ tan iná. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tuntun, ẹ ra pollastra tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní oṣù kẹsàn-án. Irú wọn sábà máa ń yé la òtútù àkọ́kọ́ já.