Òwe Tí Ó Mú Ọba Dá Ara Rẹ̀ Lẹ́jọ́



Òwe ni Bíbélì Yorùbá, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, pe àwọn ìtàn tí Jésù fi kọ́ni. Àwọn kan wí pé ìtàn gígùn kì í ṣe òwe. Èmi kò bá wọn jà. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni kí a wò.

Dáfídì Ọba gba aya Ùríà, ó sì mú kí a pa ọkùnrin náà lójú ogun. Ta ní jẹ́ bá ọba wí lójú kòrókòró? Nátánì wòlíì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọlọ́rọ̀ kan, tí ó ní agbo ẹran púpọ̀, gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, ó pa á fún àlejò rẹ̀. Inú bí ọba gidigidi. Ó ní ikú tọ́ sí ẹni náà. Nígbà náà ni wòlíì wí fún un pé òun gan-an ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ mọ̀ pé ẹni tí a bá tako ní gbangba a máa wá àwíjàre; Dáfídì kò rí ọ̀kan wá.

Bẹ́ẹ̀ ni Jésù ṣe sí amòfin tí ó bi í léèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi dá ẹjọ́ náà, bí kò tilẹ̀ lè dárúkọ ará Samáríà.