Ihò Abẹ́ Àpáta Olúmọ



Nígbà tí a ní ká jọ lọ wo Olúmọ, ọ̀kan nínú yín bi wá pé, "Ọ̀gá, kí ló wà nínú ihò tí a ó fi sanwó wò ó?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká. Wọ́n sun ilé, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn tó kù ń sá kiri, wọn ò ríbi forí pamọ́ sí. Ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ mọ ihò kan lábẹ́ àpáta ńlá nítòsí Odò Ògùn. Àpáta náà nà jáde bí òrùlé. Òjò kì í pa ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀tá kì í sì í tètè rí i. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá síbẹ̀. Abẹ́ òkúta tí wọ́n sá sí ló di orúkọ ìlú: Abẹ́òkúta.

Ẹ ò rí i pé àwọn tó rí ihò yìí kò wá ìran wò. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n ń wá ibi fi pamọ́ sí. Ẹ̀yìn èyí ni ó wá di ibi ìgbafẹ́. Ní 2006 ìjọba tún un ṣe, wọ́n fi lífíìtì síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, a dé ibẹ̀. A rí àwọn kòtò kéékèèké lórí àpáta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà ogun. Ìyá kan nínú wa fọwọ́ kàn án, kò lè sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ìyá yìí mú ṣọ́ọ̀kì jáde. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti mọ orúkọ òun kọ, ó sì fẹ́ kọ ọ́ sára àpáta. A ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀." Ojú tì í. Ojú ti àwa olùkọ́ náà. A kọ́ ọ bí a ti ń kọ orúkọ, a kò sọ ibi tí a kì í kọ ọ́ sí.

Àlejò lè ba ohun tó wá wò jẹ́ láìmọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin rí ihò Lascaux ní 1940. Àwòrán àtijọ́ wà lára ògiri rẹ̀. Wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1948. Nígbà tó di 1963, wọ́n tì í pa, torí pé èémí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ba àwòrán náà jẹ́. Bí èémí lásán bá lè ṣe èyí, ṣọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ńkọ́?

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá wa ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Mo dé Olúmọ." Ó wá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ nìyẹn.

Kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù kọ ìlà mẹ́ta nípa ibì kan tí àwọn baba wa sá sí.