Ẹ Ka Wákàtí Iná Kí Ẹ Tó Ra Fíríìjì Kékeré

 

Bí owó kaṣú bá ti wọlé, tàbí tí èésú bá kan ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní ìpàdé, ní Kabba níbí àti ní Ìyàrà: "Ọ̀gá, fíríìjì kékeré wo ló dára ká rà?" Ẹnì kan fẹ́ fi ta omi tútù àti sóbò níwájú ilé. Ẹlòmíràn fẹ́ fi tọ́jú ẹja tó rà ní Lọ́kọ́jà. Àwọn kan nínú yín tí ń sin adìẹ fẹ́ fi pa oògùn àjẹsára mọ́. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo máa ń dá padà fún wọn kì í dùn mọ́ wọn nínú: wákàtí mélòó ni iná máa ń lọ ní àdúgbò yín?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi náà ra fíríìjì tọ́kùnbọ̀ kan. Ó funfun bí ẹfun, ìdí nìyẹn tí mo fi rà á. Inú rẹ̀ ni mo ń tọ́jú oògùn àjẹsára adìẹ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ obìnrin kan. Iná lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kò dé títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo fọwọ́ kan ìgò oògùn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ojú tì mí láti sọ fún wọn. Nígbà tí iná dé, tí ìgò tún tutù, mo gbé e lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, a sì fún àwọn adìẹ. Ọyẹ́ dé, àrùn tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní Newcastle wọlé. Ìyá kan tó ní adìẹ mẹ́tàlélógún, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù fún un. Kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá, oògùn yẹn ò ràn." Mo mọ ìdí tí kò fi ràn, mi ò sì lè là á lójú. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni adìẹ wọ̀nyẹn.

Ohun tó yẹ kí n mọ̀ kí n tó rà á nìyí. Fíríìjì onílẹ̀kùn iwájú, bí iná bá lọ tí ẹ ò ṣí i rárá, bíi wákàtí mẹ́rin péré ni òtútù rẹ̀ ń dúró. Fìríìsà tó kún dáadáa lè di òtútù mú tó ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì, bí ọjọ́ kan. Àwọn kéékèèké ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ju fíríìjì lọ fíìfíì. Oògùn àjẹsára adìẹ sì nìyẹn, ìwọ̀n òtútù Celsius 2 sí 8 ló fẹ́ tọ̀sán tòru. Èyí tó bá ti gbóná, bí ẹ tún mú un tutù, òkú oògùn ni. (Iléeṣẹ́ ìwádìí ẹranko ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní I-2 fún adìẹ ìbílẹ̀ wa. Ó ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Ẹ máa béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ kí a gbé e sínú oòrùn o.)

Nítorí náà, bí iná yín bá ń lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi fíríìjì tó dúró bí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Fìríìsà kékeré tó ń ṣí lórí bí àpótí ni kí ẹ rà, bíi lítà 100. Atẹ́gùn tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ bí omi. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, gbogbo rẹ̀ á dà sí yín lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ti orí, ó wà níbẹ̀ bí omi inú kànga. Kí ẹ wá fi ìgò omi kún gbogbo àyè tó bá ṣófo nínú rẹ̀ kí ó dì. Yìnyín yẹn ni bátìrì yín. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú oògùn adìẹ, kí ó mú ìgò yìnyín méjì sínú kúlà, kí ó fi aṣọ wé oògùn kí ó má fara kan yìnyín, nítorí àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé dídì ló ń pa wọ́n.

Ẹ̀yin tí iná yín dára, tí ẹ sì fẹ́ fíríìjì fún ìlò ilé, ẹ yí i padà ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ ka pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀wé kà, ẹ mú ọmọ ilé ìwé dání. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀. T ni ti ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó lè ṣiṣẹ́ bí ooru ilé bá tó 43. ST dé 38. Èyí tí wọ́n kọ N sí nìkan, 32 ni òpin rẹ̀. Ẹ sì mọ bí yàrá onípáànù ṣe ń rí ní oṣù kẹta! Ẹ tún wo ìràwọ̀ tó wà lára ibi yìnyín. Ìràwọ̀ kan, ẹran lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Méjì, oṣù kan. Mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Èyí tí kò ní ìràwọ̀ kankan, ẹ má fi ẹja sí i sùn mọ́jú kí ẹ máa retí owó.

Ọ̀rọ̀ owó iná ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Fíríìjì kékeré tó ń jẹ wáàtì 80, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, yóò jẹ bíi yúníìtì kan lójúmọ́, ọgbọ̀n lóṣù. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní April 2024, ọgbọ̀n yúníìtì di náírà 6,750. Ẹni tó ń ta sóbò gbọ́dọ̀ mọ iye ike tí yóò tà kí ó tó pa owó yẹn. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, mi ò rí bí ẹni tó ń fi í gbé fíríìjì ṣe ń jèrè. Yàtọ̀ sí epo, fíríìjì máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ìgbà púpọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kékeré ti máa ń kú.

Tọ́kùnbọ̀ wá ńkọ́? Òfin ti kọ kíkó fíríìjì àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n ó ṣì kún ọjà, mi ò ní purọ́. Bí ẹ bá máa rà á náà, ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti kú, yóò máa jẹ iná lójoojúmọ́. Ẹ ní kí wọ́n tàn án fún wákàtí méjì lójú yín. Gbogbo wọn ló ń kùn. Kíkùn kọ́ ni tútù. Bí ẹ bá rí R12 lára pátákó ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa lọ ní tiyín. Gáàsì yẹn ni àdéhùn Montreal ti 1987 fi òpin sí, ó sì ti kúrò nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa láti 2010. R600a ló pọ̀ nínú àwọn tuntun. Kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbiná: ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ jó páìpù rẹ̀ nínú yàrá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní tòmátò lẹ fẹ́ fi sí i, ẹ dákun, ẹ fowó yín pamọ́. Tòmátò tí kò tíì pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti iṣu, òtútù fíríìjì ń bà wọ́n jẹ́ ni. Ní 1995, tíṣà kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, ó fi yanrìn tútù sáàrin wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Tòmátò inú rẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó di 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, torí atẹ́gùn gbígbẹ ló ń fa omi rẹ̀. Nígbà òjò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ó ku bí ẹ ó ṣe gbé e délé. Ìdúró ni kí wọ́n gbé e, kì í ṣe kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà. Òróró wà nínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á ṣàn wọ páìpù. Bí wọ́n bá ti dá a dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ gbé e nàró kó sùn mọ́jú kí ẹ tó fi í sí iná. Ẹ ra sitabiláísà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi àyè tó ìbú ọwọ́ sílẹ̀ láàrin òun àti ògiri. Bí iná bá lọ tó sì dé lójijì, ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tún tàn án.

Ìyá aládìẹ yẹn ti ra fìríìsà tirẹ̀, èyí tó ń ṣí lórí. Èmi ni mo bá a yàn án. Kó tó sanwó, ó bi mí léèrè pé: "Ṣé èyí á ràn?"