Ewé Kan Tí Ó Kù: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Ilé-Ẹyin Obìnrin

 

Àwọn baba wa sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí ń ba àwọn ọmọbìnrin wa nínú jẹ́, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS.

Nínú àìsàn yìí, ilé-ẹyin kì í tú ẹyin sílẹ̀ lásìkò. Nǹkan oṣù a máa pẹ́, irùngbọ̀n lè hù, oyún a sì ṣòro láti ní. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé: láti ọdún 1935 ni Stein àti Leventhal ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú 100 obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó tó 10 sí 13 tí ó ní i.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń tajà ní Ìyànà-Ìbà. Ìgbà mẹ́ta péré ni ó ń rí nǹkan oṣù lọ́dún. Àwọn àna rẹ̀ pè é ní àgàn. Ọdún mẹ́rin ni ó fi mu àgbo inú ìgò, tí kò mọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ya àwòrán ikùn rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, àìsàn náà hàn. Nísinsìnyí, nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé. Ọmọ ni a ṣì ń retí.

Ǹjẹ́ mo wá tàbùkù ewé bí? Rárá o. Metformin wà lára oògùn tí wọ́n fún un, ìdí ewé sì ni ìtàn metformin ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ a máa lo ewé Galega officinalis, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀ tí ń pa àgùntàn. Àwọn onímọ̀ rí ohun tí ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù nínú irúgbìn náà. Ní 1922 ni a kọ́kọ́ po metformin, tí ó jẹ́ ìbátan ohun náà. Ní 1957 ni Dókítà Jean Sterne kéde pé ó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ kù. Lẹ́yìn náà ni a tó fi ń tọ́jú àìsàn ilé-ẹyin.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa náà ń dán ewé àti egbò wò lára eku. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ara eku kì í ṣe ara obìnrin. Ìwọ̀n àti àyẹ̀wò ni ewé kan tí ó kù.

Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ yéé pe aláìsàn ní àgàn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí nǹkan oṣù bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà. Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀, ẹ má ṣe gbé ìmọ̀ yín wọ sàréè. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983 kò jìnnà sí wa ní Ọjọ́. Kí Ẹgbẹ́ wa rán ọmọ wa kan lọ kọ́ ìmọ̀ ìpoògùn, kí ó wá wọn ewé tí a jogún.

Ọlọ́run yóò ṣí inú àwọn tí ń wojú rẹ̀.