Ẹ Pa Ètò Ọlọ́jọ́ Márùn-ún Yẹn Rẹ́: Ohun Tí Òkè Kilimanjaro Kọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba, bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ọdún yìí. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́.

  

Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń múra fún òkè Kilimanjaro, torí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀ láti fi kó owó jọ fún ilé ìgbẹ̀bí wa. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ìwé ètò ọlọ́jọ́ márùn-ún tó ń kiri lórí WhatsApp wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́, nígbà tí àwa mẹ́ta láti ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ń múra àtilọ. Ètò náà wu ojú, owó rẹ̀ ò pọ̀. Òun náà ló dá mi padà lójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni o, mi ò dé téńté òkè yẹn. Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀. Fọ́tò tí ẹ rí nígbà yẹn, àwọn méjì yòókù ló wà níbẹ̀. Ẹ rò pé èmi ni mo ya fọ́tò. Ẹ ń kí mi kú oríire, mo sì ń dáhùn pé ẹ ṣé. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n mi ò sọ òótọ́. Ìgbà tí mo wá rí i pé ẹ̀yin àbúrò mi ti mú ètò mi, tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀mí yín tẹ̀lé e, oorun ò kùn mí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òkè náà ṣe rí. Orílẹ̀-èdè Tàǹsáníà ló wà, òun ló sì ga jù lọ ní gbogbo Áfríkà: mítà 5,895. Ibi tó ga jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Uhuru, tó túmọ̀ sí òmìnira lédè Swahili. Ọ̀nà tó ń gòkè ju ẹyọ kan lọ: Marangu wà, Machame wà, Lemosho wà, Rongai náà wà. Marangu la gbà, torí pé ahéré onípákó wà tí èèyàn lè sùn sí, kò ní láti pàgọ́. Ẹnubodè rẹ̀ kò ga tó mítà 2,000. Ahéré àkọ́kọ́, Mandara, wà ní nǹkan bí 2,700. Èkejì, Horombo, nǹkan bí 3,700. Ìkẹta, Kibo, nǹkan bí 4,700. Láti Kibo, òru lèèyàn ń gbéra, nǹkan bí agogo méjìlá, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá a lókè.

Ojú ọ̀nà yẹn kò le bí ẹ ṣe rò. Kò sí ibi tí ẹ ó ti fi okùn gun àpáta. Ẹsẹ̀ lásán lẹ ó fi rìn ín. Ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, á ní òkè wo ló tún kù! Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí èèyàn ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Lórí Uhuru, afẹ́fẹ́ téèyàn ń rí mí sínú kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí à ń mí létí òkun. Ara lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló fi ń kọ́ ọ. Kò sí bí agbára ṣe pọ̀ tó tó lè ra ọjọ́ yẹn. Mo ti rí géńdé tó ń sáré ojoojúmọ́ tí òkè dá dùbúlẹ̀, tí màmá arúgbó sì rọra kọjá lára rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ fi ń pariwo “pole pole” síni létí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń wí. Àwa náà ṣáà ní in lówe: ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Níbo ni mo ti ṣì í? Ètò tó dára lójú ọ̀nà Marangu, ọjọ́ mẹ́fà ni. Ọjọ́ kẹta, èèyàn kì í kúrò ní Horombo. Á gòkè díẹ̀ lọ́sàn-án, á tún padà wá sùn sí Horombo, kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ náà. Mo wo ọjọ́ yẹn lórí ìwé, mo ní kí la fẹ́ fi òfo ọjọ́ ṣe? Ojoojúmọ́ lẹ̀ẹ́ sanwó fún ọgbà ìjọba, fún afinimọ̀nà, fún àwọn alárù, fún oúnjẹ. Mo fi kálámù fa ọjọ́ náà yọ. Mo tiẹ̀ tún ń fi yangàn nínú ìpàdé pé mo bá wa dín owó kù. Nọ́ọ̀sì ni mí o! Ká ní aláìsàn ló wá bá mi pé òun fẹ́ ṣe irú ẹ̀, mi ò ní gbà fún un.

Nígbà tá a dé Kibo, orí ti ń fọ́ mi. Mo gbé e mì. Oúnjẹ ò wọlé, mo ní ó ti rẹ̀ mí ni. A gbéra lóru, tọ́ọ̀ṣì lórí, òtútù ń já wa jẹ, ilẹ̀ rí bí yanrìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ìdajì rẹ̀ á yọ̀ padà. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, mo bì. Mo tún bì. Mo wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Afinimọ̀nà wa dúró. Ó ní kí n rìn lójú ìlà kan, kí n máa gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì. Mi ò rí i ṣe. Ó ní, “Màmá, ó parí, a ó sọ̀ kalẹ̀.”

Ẹ wò ó, mo bínú sí i. Mo ní mo ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú mi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Àbúrò wa kan tá a jọ lọ ló sún mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí àdéhùn wa. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.” Òótọ́ ni. Kí a tó kúrò nílé, mo ti kọ ọ́ pé ẹni tí afinimọ̀nà bá ní kó sọ̀, kò gbọdọ̀ jiyàn. Ìlà kan ṣoṣo tó dára nínú gbogbo ètò mi nìyẹn, òun ló gbà mí là. Igbákejì afinimọ̀nà di apá mi mú, a sọ̀ kalẹ̀. Bá a ṣe ń sọ̀ ni ojú mi ń là. Nígbà tí a fi máa padà dé Horombo, mo ti ń béèrè oúnjẹ. Téèyàn bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lókè báyẹn, tàbí tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọpọlọ rẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ti ń gba omi sára. Àtisọ̀ kíá ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fara dà á dàárọ̀, ó lè má rí àárọ̀ ọ̀hún.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ètò tuntun rèé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkíní, ọjọ́ mẹ́fà ni Marangu, kò gbọdọ̀ dín. Tí owó bá lè gbé e, ẹ fi kún un. Tí owó ò bá tó, ẹ dín èrò kù, ẹ má dín ọjọ́ kù.

Èkejì, kí oníkálùkù mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má dé ibẹ̀ rárá. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde àti afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ AS, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, àmọ́ tí ìhà òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun irú wọn lókè, kó sọ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà yẹn kan náà lẹ ó béèrè oògùn òkè gíga lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń ti Nàìjíríà lọ, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́njú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní Tàǹsáníà. Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ ti ẹni tó bá gun òkè tó gajù báyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má wá ilé-iṣẹ́ tó rọjú jù. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ gba afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Alárù kan kò sì yẹ kó gbé ju kílò 20 ẹrù yín lọ. Tí owó bá ti kéré jù, ẹ mọ̀ pé orí ọrùn àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọ̀nyẹn lẹ ti yọ ọ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún wọn kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ẹ̀dà ètò yín sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé: ọ̀nà tí ẹ gbà, ibi tí ẹ ó sùn lálaalẹ́, ọjọ́ tí ẹ ó padà, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó mú yín lọ. Ìyẹn ò yọ òkè ilé wa sílẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gùn ún lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ta ni ẹ máa ń sọ fún pé ẹ ti lọ?

Ẹ̀kẹfà, tí ẹ bá dé, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ibi tó dùn, ẹ sọ ọ́. Ibi tó korò, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹni tó jìn bá bo ẹnu kòtò mọ́lẹ̀ torí ojútì ńkọ́? Ará yòókù náà á jìn sí i ni. Ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe fún yín nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Ní ti ilé ìgbẹ̀bí wa, ẹni tó bá fẹ́ dá owó, kó dá a fún ilé ìgbẹ̀bí, kó má dá a fún téńté òkè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan rò pé tí òun bá yíjú padà, òun ti jẹ ìlú ní gbèsè. Òkè yẹn ò ní sá lọ. Ọmọ tó bá sọ̀ láàyè lè tún gùn ún lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re. Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ o.